Ife Kò Tíì Kan Pákó: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Drusilla Maud Hiscock (1947–2023)

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹrin ọdún 1947, nígbà tí yìnyín ṣì ń léfòó lójú òkun, tí Newfoundland kò sì tíì di ara Kánádà, ni a bí Màmá Drusilla Maud ní Skerry Cove, nínú ilé pákó funfun tí ó kọjú sí ẹnu èbúté. Josiah Bungay, apẹja ọmọ apẹja, ni bàbá wọn. Keziah, ọmọ ilé Rideout, ni ìyá wọn. Ìdílé Bungay ti ń ju àwọ̀n sí omi yìí kí ẹnikẹ́ni tó ya èbúté náà sínú àwòrán ilẹ̀. Màmá ni ìkẹrin nínú ọmọ mẹ́sàn-án. Ìyá wọn máa ń sọ pé ọmọ náà kò ké púpọ̀ nígbà tó délé ayé. Ńṣe ló ń yí ojú kiri bí ẹni tí ó ń wá ibi tí ooru ti ń wá, nígbà tí ó sì rí ìdí ààrò, ó dákẹ́.

Títí di ọ̀sán Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹsàn-án yìí, gbogbo wa rò pé Màmá ṣì wà láàyè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì wà lójú wa, níta gbangba, láti àárọ̀. Bí irú rẹ̀ ṣe lè ṣẹlẹ̀ ni a fẹ́ sọ, nítorí ẹnì kan wà nínú ẹbí yìí tí ó ti tìlẹ̀kùn mọ́ra lórí ọ̀rọ̀ náà, tí ó sì ní òun kò ní wá síbi ìsìnkú. Ẹni náà ni Àǹtí Tryphena, ìyàwó àbúrò ọkọ Màmá, tí ilé wọn kò ju ogójì ìgbésẹ̀ lọ sí ilé Màmá. A ó to ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹẹsẹ, kí ó lè yé ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, kí ó sì lè yé Àǹtí Tryphena náà.

Ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan tí ìjọ dá sílẹ̀ ni Màmá lọ láti ọdún 1953 sí 1961. Wọ́n mọ̀wé kà, wọ́n sì fẹ́ràn àwòrán ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́sàn-án pọ̀ jù fún ọkọ̀ ìpẹja kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí St. John's láti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé oníṣòwò kan. Ìyàwó oníṣòwò náà ní agogo kékeré kan lórí tábìlì. Bí Màmá bá bu tíì sínú ife, agogo á dún. Bí wọ́n bá ní kí àwọn fìdí lélẹ̀, agogo á dún. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n lò níbẹ̀, wọ́n sì sọ fún wa pé láàárín ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn kò mu ife tíì kan ní gbígbóná, àwọn kò sì mu ọ̀kankan ní ìjókòó. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, ní ọdún 1965, wọ́n dúró létí ọkọ̀, wọ́n sì sọ fún òkun pé, “Lọ́jọ́ tí mo bá ní ẹnu ọ̀nà tèmi, n ó jókòó síbẹ̀, n ó mu tíì mi ní gbígbóná, kò sì sẹ́ni tí yóò bá mi sọ̀rọ̀ títí n ó fi mu ún tán. Ọba ìbáà dé!”

Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ rò pé àwàdà ni.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1967, lẹ́yìn tí wọ́n ti sá ẹja ọdún náà gbẹ tán, Màmá ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Eleazar Hiscock, apẹja tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá Eleazar kọ́ ilé. Nígbà tí ilé parí, wọ́n bi ìyàwó wọn léèrè ohun tó kù.

“Bẹ́ǹṣì,” ni Màmá wí. “Níwájú ilẹ̀kùn. Kó kọjú sí oòrùn àárọ̀.”

“Bẹ́ǹṣì? Mo rò pé kọ́bọ́ọ̀dù lo máa bèèrè.”

“Ta ló ń jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù, Eleazar?”

Pákó ọkọ̀ kan tó fọ́ sétí òkun ni Bàbá fi kan bẹ́ǹṣì náà, wọ́n sì kan pákó pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi tí ife yóò máa jókòó sí. Láti ìgbà náà, fún ọdún márùndínlọ́gọ́ta, bí Màmá bá ti dá iná tán láàárọ̀, wọn á bu tíì tó dú bí ọ̀dà, wọn á da mílíìkì alágolo sí i, wọn á jáde síta, wọn á fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú lórí itan, wọn á sì di ojú. Bí òtútù bá mú, wọn á wọ ẹ̀wù Bàbá lé tiwọn. Wọn á fa tíì ní ẹnu kan, wọn á dúró. Wọ́n ní ẹni tó bá fa ìkejì kí àkọ́kọ́ tó dé inú ti fi ọ̀kan ṣòfò. Bí wọ́n bá mu ún tán, wọn á gbé ife lé pákó, yóò sì ró kọ́. Nígbà náà ni Skerry Cove tó lè bá Drusilla Hiscock sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1974, Garland, àbúrò Bàbá Eleazar, gbé Tryphena níyàwó wá láti èbúté mìíràn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Àǹtí Tryphena nígbà náà. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n lọ kí ìyáálé wọn bí ọmọ tí a kọ́ nílé. Wọ́n kí Màmá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Màmá kò la ojú. Àǹtí Tryphena sáré padà sílé, ó di ẹkún. Wọ́n ní ìyáálé àwọn ti kórìíra àwọn kí àwọn tó jẹun kan tán nílé ọkọ. Kò pẹ́ ni Màmá kanlẹ̀kùn, ìdí búrẹ́dì gbígbóná lọ́wọ́, oyin ìrèké dúdú ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀.

“Ta ló pa ọ́ lẹ́kún? Mo gbọ́ ìkíni rẹ. Ohùn rẹ dùn. Ṣùgbọ́n èmi àti tíì mi la jọ wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ nígbà yẹn.”

“Ẹ ò wulẹ̀ mi orí, ìyáálé mi!”

“Bí mo bá mi orí, ó máa dà nù. Gba búrẹ́dì yìí jàre. Ìdí rẹ̀ ló dùn jù, àwọn ọkùnrin ò mọ̀. Má sọ fún wọn.”

Láti ọjọ́ náà ni Àǹtí Tryphena ti di olùṣọ́ tíì Màmá. Kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Alùfáà Oldford dé sí ìjọ wa ní ọdún 1998, wọ́n wá kí Màmá ní òwúrọ̀ kan, wọ́n sì dúró níwájú bẹ́ǹṣì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa òrùlé ìjọ tó ń jò. Àǹtí Tryphena fi aṣọ tí wọ́n ń sá sílẹ̀, wọ́n sì wá fa alùfáà láṣọ.

“Ẹ má bínú, Alùfáà. Wọn ò sí nílé.”

“Mo ń wò wọ́n yìí, Àǹtí.”

“Ẹ̀ ń wo ara wọn ni. Tí ife ò bá tíì kan pákó, wọn ò tíì dé.”

Ìgbà tí ife kan pákó, Màmá la ojú, wọ́n ní, “Ẹ káàárọ̀, Alùfáà. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ òrùlé ò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.” Alùfáà Oldford ti sọ ìtàn yìí lórí àga ìwàásù ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ, wọ́n sì ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín.

Màmá kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí ketekete, nítorí àwọn kan rò ó bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n la ẹja, wọ́n yọ̀ ọ́ níyọ̀, wọ́n sì sá a sórí pẹpẹ títí ọwọ́ wọn fi le bí awọ. Láti ọdún 1978 ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé ẹja, lórí ìdúró, nínú omi tútù, títí di ọdún 1992 tí ìjọba fòfin de pípa ẹja kọ́ọ̀dù, tí ọ̀nà oúnjẹ gbogbo èbúté sì dí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn ọkùnrin tí kò jókòó rí láyé wọn di ẹni tó ń rìn lọ rìn bọ̀ létí omi. Bàbá Eleazar kò jẹun, wọn kò sì sọ̀rọ̀. Màmá fà wọ́n lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fi wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì fi ife kejì sí wọn lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Bàbá fi jókòó síbẹ̀ bí òkúta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ní, “Dru, ṣé bí àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ṣe máa ń pariwo látọjọ́ yìí rèé?”

“Ẹ̀rọ ọkọ̀ yín ni kì í jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́.”

“Ariwo wọn mà burú o.”

“Ó burú gan-an,” ni Màmá wí. “Ẹ mu tíì yín.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jẹun lọ́jọ́ náà. Títí wọ́n fi jáde láyé ní ọdún 2009, ife méjì ló ń jáde sí bẹ́ǹṣì náà. Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá kò jókòó sí àárín. Ẹ̀gbẹ́ tiwọn ni wọ́n ń jókòó sí.

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Màmá láti ọjọ́ tí wọ́n ti rì wọ́n bọmi. Àdúrà wọn kì í gùn, ṣùgbọ́n ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ní ìpàdé àdúrà kan, tí gbogbo èèyàn ń dúpẹ́ fún ìgbàlà àti àlàáfíà orílẹ̀-èdè, Màmá dìde, wọ́n ní, “Olúwa, mo dúpẹ́ fún ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ.” Wọ́n sì jókòó. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Àmín fún ẹsẹ̀ méjèèjì!” Ìpàdé fọ́ sí ẹ̀rín. Àǹtí Tryphena yí ọrùn padà, wọ́n ní, “Ẹni tó bá ti wọ ìbọ̀sẹ̀ tútù ní oṣù Kejì rí kó rẹ́rìn-ín, kí n wo eyín ẹ̀.” Ẹ̀rín tán.

Ìbéèrè kan wà tí gbogbo ọmọ inú ilé ní láti dáhùn kí wọ́n tó gbé àwo oúnjẹ alẹ́ sí iwájú wọn: “Kí ló dùn mọ́ ọ lónìí?” O kò lè sọ pé ohun gbogbo. O kò sì lè sọ nǹkan ńlá. Nígbà tí Wilfred, àkọ́bí wọn, gba ipò kìíní ní kíláàsì, ìyẹn ni ó sọ, Màmá sì ní, “Ìyẹn ti dára. Ṣùgbọ́n kí ló dùn mọ́ ọ?” Ọmọ náà ronú títí ọbẹ̀ fi tutù, ó wá ní bí òun ṣe ń bọ̀ wálé, òun tẹ yìnyín tín-ín-rín tó bo omi ojú ọ̀nà, ó sì ró ṣààà lábẹ́ bàtà òun. Wọ́n gbé àwo fún un. Marjorie, àbúrò rẹ̀, ní títí di òní yìí, nílé òun ní Alberta, òun kò lè jẹun alẹ́ kí òun tó dáhùn ìbéèrè náà fún ara òun. Ohun tó dùn mọ́ Màmá pọ̀: aṣọ ìbùsùn tí afẹ́fẹ́ òkun gbẹ, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ilẹ̀kùn ààrò lẹ́yìn ọjọ́ òjò, ọjọ́ tí ẹja wẹ́wẹ́ bá kọ́kọ́ gun etíkun ní oṣù Kẹfà, èèpo ẹyin sísè tó bá ṣí lódindi lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti pè wá láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí pé kí a wá wo èèpo ẹyin.

Ní ti iṣẹ́ ìlú, Màmá kò di ipò kankan mú. Iṣẹ́ kan ni wọ́n ń ṣe tí a kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni títí wọ́n fi lọ. Bí ife bá ti kan pákó, wọn á ka èéfín. Ilé mọ́kànlélógún ló kù ní Skerry Cove, Màmá sì mọ aago tí iná kálukú ń ràn. Ní ìgbà òtútù ọdún 2011, wọ́n dìde láìwọ bàtà, wọ́n ní, “Hezekiah ò tíì dáná.” Wọ́n bá Bàbá Hezekiah Strickland nílẹ̀ ilé ìdáná, itan rẹ̀ ti ṣẹ́, òtútù sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ọdún mẹ́jọ ni Bàbá Hezekiah tún lò láyé lẹ́yìn ìgbà náà. Gbogbo wa la mọ̀ pé Màmá ń ṣọ́ wa. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó ń ṣọ́ Màmá, nítorí pé gbogbo àárọ̀ ni a ń rí wọn.

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà.

Ní Ọjọ́rú náà, Màmá dáná ní aago márùn-ún àbọ̀. Igi tó nípọn ni wọ́n kó sínú ààrò, èéfín sì jáde dáadáa. Ẹni tó bá wo òrùlé wọn yóò rò pé àlàáfíà ni. Kí oòrùn tó yọ tán, wọ́n ti wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Wilfred wa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ kọjá lọ síbi àwọ̀n, ó sì gbé ọwọ́ sókè sí ìyá rẹ̀. Ní aago mẹ́jọ, àwọn ọmọ ilé ìwé mẹ́rin kọjá, wọ́n ń fi ìka bo ẹnu ara wọn bí wọ́n ti máa ń ṣe. Obìnrin tó ń pín lẹ́tà fi ìwé sínú àpótí, ó sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn padà. Alùfáà Oldford ṣí fìlà níbi géètì, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọmọ-ọmọ Màmá tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn wò wọ́n lójú fèrèsé òkè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì padà sídìí ìwé tó ń kà. Ènìyàn mẹ́jọ, yàtọ̀ sí Àǹtí Tryphena. Gbogbo wa la kí òkú káàárọ̀.

Àǹtí Tryphena kọ́kọ́ kọjá ní aago méje àbọ̀, bí wọ́n ti ń lọ fún adìẹ lóúnjẹ. Ní aago mẹ́sàn-án, wọ́n ti òkè bọ̀ pẹ̀lú àwọn èso pupa wẹ́wẹ́ tí wọ́n ká, wọ́n sì gbé abọ́ kan sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Màmá. “Tiyín rèé, ìyáálé mi,” ni wọ́n sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Ẹ má dáhùn. Mo mọ̀.” Ní aago mẹ́wàá àbọ̀, Obed Noseworthy tó wà ní ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayùn onímọ́tò gé igi, Àǹtí Tryphena sì jáde sí i.

“Obed! Pa ẹ̀rọ yẹn! Ṣé o ò rí i pé Dru ò tíì gbé ife lélẹ̀ ni?”

“Àǹtí Phene, aago mẹ́wàá àbọ̀ mà ti lù. Ṣé garawa ni wọ́n fi ń mu tòní ni?”

“Ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin lè fi odindi ọjọ́ mu tíì tó bá wù ú. Pa á jàre!”

Obed pa ẹ̀rọ, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Afẹ́fẹ́ ti ń yí padà nígbà náà. Àǹtí Tryphena mú ìborùn wọn wá láti ilé, wọ́n sì tẹ́ ẹ lé Màmá lórí orúnkún, díẹ̀díẹ̀, láìfọwọ́ kan ọwọ́ wọn, kí wọ́n má baà dà wọ́n láàmú.

Ní aago méjìlá, wọ́n tún jáde. Ìborùn náà wà bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ. Abọ́ èso wà níbi tí wọ́n gbé e sí. Wọ́n dúró níwájú Màmá, wọ́n ní, “Ìyáálé mi, ó tó o. Ó ti tó.” Wọ́n wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Wọ́n gba ife lọ́wọ́ Màmá. Igbe tí wọ́n ké, Obed ní òun rò pé ayùn ló ya ènìyàn lára.

Nọ́ọ̀sì Georgina Lilly dé kí aago kan tó lù. Wọ́n yẹ Màmá wò, wọ́n yẹ ife wò. Ẹnu kan ni Màmá mu nínú tíì náà. Wọ́n ní bí ara ṣe tutù tó, tó sì ti le, Màmá ti lọ kí aago méje tó lù, ọkàn wọn sì dúró lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí a fẹ́ àtùpà pa. Dókítà tó tún yẹ̀ wọ́n wò ní ọjọ́ kejì sọ ohun kan náà, a sì ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Kí Àǹtí Tryphena tó ṣílẹ̀kùn ilé wọn rárá ní òwúrọ̀ náà, kò ti sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. A sọ èyí fún wọn. Wọn kò gbà. Láti Ọjọ́rú, kò sí èéfín lórí òrùlé Àǹtí Tryphena, oúnjẹ tí a sì ń gbé sí ẹnu ọ̀nà wọn ń wà níbẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Wilfred lọ kanlẹ̀kùn.

“Àǹtí Phene, ẹ ṣílẹ̀kùn. Wilf ni.”

“Mo mọ ohùn rẹ. Máa lọ.”

“Ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú ẹbí wọ ìjọ. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá á ṣe fẹ́ ẹ.”

“Ta? Èmi? Èmi tí mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ? Èmi tí mo tẹ́ aṣọ lé òkú lẹ́sẹ̀ kí òtútù má mú un? Wilf, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo jáde sí ìyá rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rẹ́rìn-ín sí i.”

“Gbogbo wa la kọjá, Àǹtí. Èmi gan-an kọjá.”

“Ẹ kọjá nítorí pé mo ní kẹ́ ẹ kọjá! Ta ló ń lé yín? Ta ló ń fi ìka bo ẹnu àwọn ọmọ yín láti kékeré? Ìyáálé mi ló ń mu tíì. Èmi ni mo sọ ọ́ di òfin.”

Wilfred padà wá sílé, ó sì sọ ọ́ fún wa. Ìdáhùn tí a rí, lẹ́yìn tí gbogbo wa ti jókòó rò ó, ni ìwé yìí.

Àwọn tí Màmá Drusilla fi sílẹ̀ sáyé ni: Àǹtí Tryphena Hiscock, tí wọ́n jọ jẹ́ ìyàwó ilé kan fún ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, ọmọ wọn méjì, Wilfred ní Skerry Cove pẹ̀lú Sadie ìyàwó rẹ̀, àti Marjorie ní Alberta pẹ̀lú Desmond ọkọ rẹ̀, ọmọ-ọmọ mẹ́ta, Ivy, Leander àti Hazel, ọmọ àtàtà kan tí Hazel ń retí ní oṣù Kejìlá, àti àbúrò kan, Bàbá Absalom Bungay. Bàbá Eleazar ọkọ wọn, Garland àbúrò ọkọ wọn, àti ẹ̀gbọ́n òun àbúrò méje ti ṣáájú wọn lọ. A to orúkọ Àǹtí Tryphena síwájú tiwa. Kì í ṣe àṣìṣe ẹni tó tẹ ìwé. Àwa ọmọ ló ní kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Phene, ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé yìí ni a tì bọ abẹ́ ilẹ̀kùn yín, kí ẹnikẹ́ni mìíràn tó rí i. Ẹ gbọ́ tiwa. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di òfin. Bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin kan tí wọ́n fi agogo lé dìde fún ọdún mẹ́rin délé, ó sì ní òun fẹ́ jókòó. Ta ló jẹ́ kó rí ìjókòó? Ọkọ rẹ̀ kan bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kan odi yí bẹ́ǹṣì náà ká. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìdínlógún òwúrọ̀ tí ẹ fi jẹ́ aládùúgbò wọn, wọ́n mu tíì wọn ní gbígbóná. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo ló já wa kulẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀yin lẹ fà á. A kò lè jẹ́ kí ẹ fi òwúrọ̀ kan pa gbogbo ìyókù. Ojú wa ṣì là sílẹ̀ láti Ọjọ́rú, a kò tíì mọ bí a ó ṣe sunkún. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ Màmá ju àwa lọ. Bí ẹ kò bá wá, a jẹ́ pé ẹni méjì la pàdánù.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún, ní aago méjì, a ó gbé Màmá jáde nílé. A kò ní gba ọ̀nà ìsàlẹ̀. Iwájú ilé yín la ó gbà, pósí yóò sì dúró lẹ́nu géètì yín. A ti sọ fún Alùfáà Oldford, wọ́n sì ní bí ó bá di aago mẹ́ta, kó di mẹ́ta. Bí ó bá di mẹ́rin, kó di mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó máa dákẹ́ fún yín. A ó kanlẹ̀kùn, a ó pariwo orúkọ yín, Obed yóò sì tan ayùn rẹ̀ tó bá pọn dandan. A ti dákẹ́ tó ní èbúté yìí.

Àǹtí Phene, ẹ dìde, ẹ dáná, ẹ wọ bàtà, ẹ jáde sí wa.

Màmá wa, ẹni tí ayé dùn mọ́ nínú, kí Olúwa tó dá òwúrọ̀ gbà yín sí ìhà tí oòrùn ti ń yọ. Ẹ máa sùn ní tiyín. Àwa là ń jí.